Ínfọ́ìsì Kejì

Nígbà tí mo máa dé ṣọ́ọ̀bù Fẹ́yìsayọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, àwọn ọlọ́pàá ti gbé maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn ọkọ̀ wọn. Sájẹ́ǹtì Bàrúwà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bébà kan lọ́wọ́, ó ń bẹ ọmọbìnrin náà bí ẹni tó ń bẹ ọmọdé kó jẹun.

"Ṣáà bu ọwọ́ lù ú, Fẹ́yì. Tó o bá ti bu ọwọ́ lù ú, a máa sọ maṣíìnì ẹ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn."

Mo gba bébà náà, mo kà á. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé Fẹ́yìsayọ̀ Kọ́mọláfẹ́, téélọ̀ ní Ìlaró, ti gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìmẹ̀kọ, pé ó fẹ́ gba owó kan náà lẹ́ẹ̀kejì, àti pé ó ń tọrọ àforíjì.

Fẹ́yìsayọ̀ kò sunkún. Ó jókòó sórí àga tí kò ní maṣíìnì níwájú mọ́, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Ó ní, "Mi ò gbowó kankan, mi ò sì ní bu ọwọ́ lu irọ́. Ẹ máa gbé maṣíìnì yín lọ."

Ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ. Mo fẹ́ràn bó ṣe sọ ọ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, Àṣìkẹ́ Ọdẹkúnlé ni orúkọ mi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe ọlọ́pàá, Ayétòrò ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní báyìí, òwú àti bọ́tìnì ni mò ń tà ní ṣọ́ọ̀bù tó fara ti ti Fẹ́yìsayọ̀ lójú ọ̀nà Póli. Èmi ni mo kọ́ Bàrúwà bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí, inú mi kò sì dùn sí ohun tó ń fi ẹ̀kọ́ náà ṣe. Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kó fún mi láyè di Ọjọ́bọ̀. Ó họ orí, ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n tí Ọjọ́bọ̀ bá kọjá tí Fẹ́yìsayọ̀ kò bá tíì bu ọwọ́ lùwé, kóòtù ló kù.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ́lẹ̀-Ayọ̀ ní Ìmẹ̀kọ gbé iṣẹ́ yunifọ́ọ̀mù ọgọ́fà fún Fẹ́yìsayọ̀. Wọ́n san ìdajì owó sílẹ̀. Ó rán aṣọ náà parí, ó sì kó o ránṣẹ́ lọ́jọ́ Sátidé kan. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ó kọ ínfọ́ìsì, ìyẹn ìwé-owó, fún ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà tó kù, ó yà á ní fọ́tò, ó sì fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù sí Báyọ̀ Ọláoyè, akápò ilé-ẹ̀kọ́ náà, torí òun ló ti ń bá sọ̀rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, owó ò dé. Ó wá pe ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́, Màdáámù Edith. Màdáámù fárígá. Ó ní òun ti sanwó tipẹ́, pé Fẹ́yìsayọ̀ fúnra rẹ̀ ló fi ínfọ́ìsì ránṣẹ́ sí òun láti orí nọ́ńbà tuntun, pẹ̀lú àkáǹtì tuntun. Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì náà jọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù Fẹ́yìsayọ̀, ilé ìfowópamọ́ sì ti sọ fún Bàrúwà pé ó máa tó oṣù kan kí àwọn tó lè sọ ẹni tó ṣí i.

Lọ́jọ́ ìjà yẹn náà, Màdáámù gbé fọ́tò Fẹ́yìsayọ̀ sí gúrúùpù Wásáàpù àwọn òbí, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí gbogbo èèyàn ṣọ́ra fún olè yìí àti nọ́ńbà tuntun tó ń lò. Òbí igba ló wà níbẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ náà ti dé Ìlaró, oníbàárà mẹ́ta sì ti wá kó aṣọ tí kò tíì fọwọ́ kàn lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Fẹ́yìsayọ̀, kò ní ẹlòmíràn tó ń ràn án lọ́wọ́. Tí orúkọ yẹn bá bàjẹ́, maṣíìnì ogún kò lè ṣe é lóore.

Kí Bàrúwà tó wọkọ̀, mo ní kó fi ínfọ́ìsì tí Màdáámù gbà ránṣẹ́ sí fóònù mi. Ó ní ó lòdì sófin. Mo ní gbígbé maṣíìnì ọmọlọ́mọ láìsí ìwé kóòtù náà lòdì sófin. Ó fi ránṣẹ́.

Mo bi Fẹ́yìsayọ̀ pé ta ló tún máa ń rí inú Wásáàpù rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní Lukman nìkan ni, torí òun máa ń so Wásáàpù òun mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tí òun bá fẹ́ tẹ nǹkan jáde.

Mi ò fẹ́ràn Lukman. Òun ló tẹ ìwé ìsìnkú ọkọ mi tó sì fi ọdún mẹ́wàá kún ọjọ́ orí olóògbé. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà nítòsí géètì Póli, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn jáde ti kún ibẹ̀ bámúbámú. Mo wọlé, mo sì fẹ̀sùn kàn án lójú gbogbo wọn. Mo ní òun ló rí ínfọ́ìsì tòótọ́, òun náà ló ṣe ayédèrú rẹ̀.

Kò bínú. Ó ní kí n jókòó.

"Màmá, ẹ bá mi rò ó. Tó bá jẹ́ pé mo lè wọ inú Wásáàpù Fẹ́yì, kí ni mo fẹ́ fi nọ́ńbà tuntun ṣe? Orí nọ́ńbà tó ti ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni mo máa ti fi ránṣẹ́, kò ní sẹ́ni tó máa fura."

Ó dùn mí pé ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tó lọ ra nọ́ńbà tuntun ni ẹni tí kò rọ́nà gba ti àtijọ́ wọlé. Síbẹ̀, ẹni náà mọ iye owó tó kù gẹ́lẹ́, ó mọ nọ́ńbà Màdáámù, ó sì mọ bí Fẹ́yìsayọ̀ ṣe máa ń ya ínfọ́ìsì rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Lukman, mo sì ra bébà tí mi ò nílò.

Bí Fẹ́yìsayọ̀ ṣe máa ń yà á yẹn ni mo ń rò bí mo ṣe ń padà bọ̀. Ajílété ló ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ìyá kan tí púpọ̀ nínú oníbàárà rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé kà. Tí ìyá yẹn bá fẹ́ béèrè owó, orí aṣọ oníbàárà ló máa ń gbé ìwé-owó lé, á sì gbé méjèèjì dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún. Ẹni tí kò bá lè ka ìwé, á dá aṣọ rẹ̀ mọ̀. Nígbà tí Fẹ́yìsayọ̀ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, ó gbé àṣà náà wọ inú fóònù. Á ká aṣọ tó ti rán tán, àpò rẹ̀ á wà lókè, á tẹ́ ìwé lé e, á sì ya fọ́tò wọn pọ̀. Gbogbo oníbàárà rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn.

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbé fọ́tò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èyí tó fi ránṣẹ́ sí akápò àti èyí tó dé ọ̀dọ̀ Màdáámù. Aṣọ aláwọ̀ ewé kan náà ló wà nínú méjèèjì. Irú ìwé-owó tí wọ́n ń tà káàkiri ni ìwé inú wọn. Ẹni tó kọ ìkejì ti gbìyànjú, ó kọ ọ́ kó jọ ìkọ̀wé Fẹ́yìsayọ̀ dáadáa. Mo wò ó títí ojú fi ń ta mí. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìlà tín-ín-rín kan nísàlẹ̀ ìwé inú fọ́tò kejì, lórí àpò, ó wọ́ sápá kan, àwọ̀ yẹ́lò ni.

Ẹni tó ń ta òwú ló ń wo òwú o. Fún iṣẹ́ Ìmẹ̀kọ yẹn, funfun àti àwọ̀ ewé ni Fẹ́yìsayọ̀ rà lọ́wọ́ mi. Kò ra yẹ́lò, mi ò tiẹ̀ ní yẹ́lò lórí igbá láti oṣù méjì sẹ́yìn.

Mo pè é wá. Ó fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lójú.

"Etí báàjì ilé-ìwé nìyí," ó ní. "Àmọ́ èmi ò rán báàjì kankan mọ́ ọn, Màmá. Wọ́n ní Kétu làwọn ti ń ṣe é bọ̀, pé àwọn máa rán an fúnra wọn."

Ibẹ̀ lojú mi ti là. Aṣọ kúrò ní Ìlaró láìní báàjì. Fọ́tò tó bá ti ní báàjì, Ìmẹ̀kọ ni wọ́n ti yà á.

Mo gbé fóònù lọ bá Bàrúwà ní tèṣọ́n. Ó wò ó, ó mi orí, ó ní ọgọ́fà ọmọ ló ń wọ báàjì yẹn kiri Ìmẹ̀kọ, òbí kan lè yà á, olùkọ́ kan lè yà á, Fẹ́yìsayọ̀ gan-an lè ti yá aṣọ ọmọ kan. Ohun tó sọ kò burú. Mo ní torí ẹ̀ náà la ṣe ń lọ síbẹ̀. Ó ní òun kò ráyè. Mo ní kó jókòó nígbà náà, èmi á dá lọ, tí mo bá dé, màá sọ fún wọn pé ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ń bẹ̀rù láti wo fọ́tò. Àwọn ọlọ́pàá kékeré tó wà níbẹ̀ yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí Bàrúwà má baà rí ẹ̀rín wọn.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, àwa mẹ́ta wọ bọ́ọ̀sì. Ìwé-owó Fẹ́yìsayọ̀ wà nínú báàgì rẹ̀, ó gbé e lé itan. Bàrúwà sùn láti Ìmásàyí dé Ayétòrò, ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ló jí i.

Màdáámù Edith pàdé wa lẹ́nu géètì. Ọmọ Kétu lódì kejì bọ́dà ni, òun àti èmi lè jẹ́ ẹgbẹ́, ó dúró gírígírí. Nígbà tó rí Fẹ́yìsayọ̀, ojú rẹ̀ le.

"Mo ti sanwó, c'est fini, ó ti parí. Kí lẹ tún kó ara yín wá wò?"

Mo kí i dáadáa. Mo ní akápò ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí, kó sì jọ̀ọ́, kó bá wa kálọ.

Ọmọ tó mọ́ tónítóní ni Báyọ̀ Ọláoyè. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó gbé àga fún Màdáámù, ó kí Bàrúwà ní ọ̀gá. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, lórí ìṣó, yunifọ́ọ̀mù aláwọ̀ ewé kan wà tí wọ́n fi ń han àwọn òbí. Báàjì wà lápò rẹ̀. Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, mo gbé ojú kúrò níbẹ̀.

Mo bi í nípa ínfọ́ìsì tí Fẹ́yìsayọ̀ fi ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ó ní kò dé ọ̀dọ̀ òun. Fẹ́yìsayọ̀ ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àmì méjì tó fi hàn pé ó dé ibẹ̀ hàn án. Ó yára sọ pé ọ̀dọ̀ alátùn-ún-ṣe ni fóònù òun wà lọ́sẹ̀ náà. Ó ní ọjọ́ tí Màdáámù fi ínfọ́ìsì han òun lójú fóònù tiwọn lòun kọ́kọ́ rí i. Mo ní ó dára.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yin ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní ó mọ́, mo ní nǹkan wà létòlétò, mo ní ó ṣòro kéèyàn rí irú ẹ̀ níbi tí èrò ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èrò kì í wọbí, mà. Owó ilé-ìwé ló ń wọlé síbí. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló wà, ọwọ́ mi ló ń gbé. Tí mi ò bá sí níbí, kò sẹ́ni tó lè wọlé."

"Aṣọ ara ògiri yẹn ńkọ́? Wọn kì í yá a lọ?"

"Rárá o, mà. Látọjọ́ tí Màdáámù ti gbé e fún mi, kò kúrò lórí ìṣó yẹn rí."

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Mo yíjú sí Màdáámù, mo bi í pé ọjọ́ wo ni báàjì dé láti Kétu. Ó ní Ọjọ́ Ẹtì ni, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí aṣọ dé, pé òun àtàwọn olùkọ́ jókòó rán an lọ́jọ́ kejì. Mo ní ọjọ́ wo ló rí ínfọ́ìsì gbà. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni, aago mẹ́wàá kò tíì lù.

Mo gbé fóònù tèmi sí i lójú, mo fi ìka han ìlà yẹ́lò náà.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Màdáámù, nínú aṣọ ọgọ́fà, mélòó ló ní báàjì?"

Ó gba fóònù náà, ó wò ó pẹ́.

"Ọ̀kan," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ọ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ pé kí n wò ó bóyá ó dáa. Mo rán an mọ́ aṣọ kan lọ́jọ́ Ajé. Mo kánjú, ó wọ́. Mo ní kí Báyọ̀ fi kọ́ síbí káwọn òbí máa rí i."

Ògiri ni gbogbo wa ń wò. Bàrúwà fúnra rẹ̀ dìde, ó gbé aṣọ náà sọ̀ lórí ìṣó, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Fẹ́yìsayọ̀ ya ìwé kan nínú ìwé-owó rẹ̀, mo sì gbé e lé e bó ṣe wà nínú fọ́tò. Etí báàjì yọ nísàlẹ̀ ìwé, ó wọ́ sápá kan náà. Ẹni tó fẹ́ ṣe bíi téélọ̀ ti rántí pé ínfọ́ìsì Fẹ́yìsayọ̀ kì í dùbúlẹ̀ sórí tábìlì lásán, ó sì gbé tirẹ̀ lé aṣọ tó sún mọ́ ọn jù. Ti báàjì nìkan ni kò rò.

Báyọ̀ ní ẹlòmíràn lè ti wọlé.

"Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó lè wọlé," mo ní.

Ó jókòó. Bàrúwà fa dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó bá fóònù kékeré kan nínú rẹ̀, fọ́tò Fẹ́yìsayọ̀ ló sì wà lójú Wásáàpù orí rẹ̀. Báyọ̀ ní tẹ́tẹ́ orí fóònù ló gbé òun débẹ̀, ó ní òun fẹ́ dá owó náà padà kí táàmù tó parí. Kò wo Fẹ́yìsayọ̀ lójú nígbà tó ń sọ ọ́, èyí ló sì bí mi nínú jù.

Ẹ̀bẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀. Màdáámù di ọwọ́ Fẹ́yìsayọ̀ mú, ó ní kó má bínú, ó ní ká jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí sínú yàrá yìí, òun máa fi irinwó ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, òun á sì fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lé e. Bàrúwà náà dá sí i. Ó ní ohun tó ṣe pàtàkì ni pé owó ti yọ, maṣíìnì á sì padà. Mo ní tó bá dọ̀rọ̀ maṣíìnì, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé e, lọ́sàn-án gangan, kí gbogbo àdúgbò tó rí i nígbà tó gbé e lọ lè rí i nígbà tó gbé e bọ̀.

Fẹ́yìsayọ̀ rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ Màdáámù.

"Inú yàrá yìí kọ́ lẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́, mà. Gúrúùpù ni."

Ó fa ìwé-owó rẹ̀ sún mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Kò kánjú. Nígbà tó parí, ó gbé ìwé náà lé aṣọ tí báàjì rẹ̀ wọ́, ó ṣí báàjì náà sílẹ̀ kedere, ó ya fọ́tò, ó sì fi ránṣẹ́ sí Màdáámù láti orí fóònù rẹ̀. Mo kà á láti ẹ̀yìn èjìká rẹ̀:

"Sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ́lẹ̀-Ayọ̀. Yunifọ́ọ̀mù ọgọ́fà, owó tó kù: ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó náírà. Orúkọ kan tí ẹ pè ní olè: mi ò gba owó fún ìyẹn. Ibi tí ẹ ti pè é ni kí ẹ ti sọ pé mi ò jalè."

"Ẹ gbé e sí gúrúùpù," ó ní. "Mi ò ní kúrò níbí tí ẹ ò bá tíì gbé e síbẹ̀."

"Fẹ́yìsayọ̀, ilé-ìwé mi ńkọ́? Wọ́n á ní ọ̀dọ̀ mi lolè wà."

"Òótọ́ ni wọ́n á sọ, mà."

Mo ti rí ọ̀daràn tó pọ̀ tí wọ́n mú, mo ti rí aláìṣẹ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀ tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tì í mọ́lé, ó sì máa ń dùn mí. Lọ́jọ́ yẹn inú mi dùn débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí. Màdáámù wo fóònù, ó wo Báyọ̀, ó wo aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ba báàjì rẹ̀ jẹ́. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò náà wọ gúrúùpù. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ pé òun ló ṣì í, pé téélọ̀ yìí kò jí kọ́bọ̀ òun, pé kí wọ́n bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Irinwó wọ àkáǹtì Fẹ́yìsayọ̀ kí Bàrúwà tó mú Báyọ̀ jáde. Ọgọ́rùn-ún tí Màdáámù fẹ́ fi lé e, ó ní òun ò gbà.

Fóònù Màdáámù kò sinmi mọ́. Àwọn òbí ń bínú, àwọn mìíràn ń bẹ̀bẹ̀, ẹnì kan ń béèrè owó ilé-ìwé rẹ̀. Láàárín wọn, ìyá ọmọ kan láti Ìmásàyí kọ ọ́ pé òun ní aṣọ ẹgbẹ́ akọrin tí òun fẹ́ rán, ó ní kí téélọ̀ náà jọ̀ọ́, kó fi nọ́ńbà tuntun rẹ̀ ránṣẹ́.

Màdáámù gbé fóònù fún Fẹ́yìsayọ̀ pé kó dá a lóhùn. Ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ti àtijọ́ náà ni, mà. Mi ò yí i rí."